Mo Sin Alààyè Kí Wọ́n Má Baà Ta Ilé Wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà ìjọba alágbádá títí di ìsinsìnyí tí àwọn sójà wà lórí oyè. Kò sí wòlíì tó ríran sí mi pé kí n sọ ọ́. Àìsàn kò dá mi dùbúlẹ̀. Ara mi le, mo ń jẹun, mo sì ń sùn. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni pé wọ́n ń bú ọkọ mi tó ti kú. Wọ́n ń pè é ní ọ̀dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu tèmi ni irọ́ tí wọ́n fi ń bú u ti jáde.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan ná. Bó bá jẹ́ pé ẹkún ni ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ má bínú, ẹkún mi kò pọ̀. Apá kan nínú ohun tí mo ṣe dùn mí dọ́kàn. Apá kejì, bí wọ́n bá tún gbé irú rẹ̀ dé lọ́la, màá tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi tán kí ẹ tó ju òkò.

Bíríkìlà ni Làsísì ọkọ mi. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni, agboolé wọn wà ní Òjé, Mùsùlùmí sì ni wọ́n láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá wọn. Èmi wá láti Òkè-Ògùn, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Ìyẹn kò da àárín wa rú rí. Ó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, mo ń wọ aṣọ funfun mi, a sì jọ ń jẹ nínú àwo kan.

Nígbà tí a ra ilẹ̀ sí Agbowó, igbó ni ibẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ta ni yóò lọ bá ọ̀yà gbé. A kò dá wọn lóhùn. Bí Làsísì bá ti kọ́lé olówó tán láàárín ọ̀sẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni yóò wá mọ tiwa. Èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń sẹ́ yanrìn, èmi ni mo ń po símẹ́ǹtì. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan nínú ilé náà tí omi tí mo rù kò sí nínú rẹ̀. Ọdún gorí ọdún kí a tó lè kan páànù lé e. Yàrá kọjú sí yàrá ni, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń háyà àwọn èyí tí a kò gbé.

Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju ibùsùn tí wọ́n ní nínú ọgbà lọ, gbogbo wọn bá ń ya wá sí Agbowó. Ilẹ̀ ọ̀yà di ilẹ̀ wúrà. Àwọn olówó ń gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì wá láti Bódìjà àti Jẹ́ríkò, wọ́n ń na ìka sí ilé wa bí ẹni ń yan adìyẹ lọ́jà. Káńsù náà kò kẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí ilé bá ti ń gbówó lórí ni owó orí ilé yóò máa ga. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri wa láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó kùn ún.

Àárín ìyẹn ni ọkọ mi já bọ́ lórí igi tí wọ́n fi ń gun ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a.

Mo bẹ àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n kọ̀. Àbúrò rẹ̀, Gàníyù, ló ṣáájú wọn. Ó ní inú agboolé bàbá rẹ̀ ni ọmọ ọkùnrin ń sùn sí. Mo rò pé iyì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí Òjé, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ tán ni ojú mi tó là. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: ilé tí wọ́n bá sin òkú sí, ta ni yóò rà á? Ta ni yóò fi owó rẹ̀ ra òkú olókùú mọ́ ilé? Wọ́n gbé ọkọ mi kúrò nínú ilé rẹ̀ kí ilé náà lè mọ́ fún ọjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Akọ̀wé ni mo ń pe Gàníyù, nítorí òun nìkan ló kàwé nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín, ìyẹn ni mo ṣe ń ya orúkọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Akọ̀wé fẹ́ di káńsẹ́lọ̀. Láyé ìgbà náà, a kò dìbò yan káńsẹ́lọ̀ rárá, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń mú ẹni tó bá wù wọ́n, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì rinlẹ̀ ni í wù wọ́n. Ó ń lọ káàkiri Agbowó àti Òjòó, ó ń sọ fún àwọn onílé pé bí òun bá dé káńsù, owó orí ilé dópin. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àṣé ilé tèmi ni yóò tà láti fi di olùgbèjà àwọn onílé.

Nígbà tí àwọn tó ń díye lé ilé fún káńsù dé àdúgbò wa, òun ló mú wọn wọlé wá. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo ń gbọ́ tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e sókè dáadáa. Ilé tó wà níwájú géètì yunifásítì kọ́ ni ẹ ó dá iye àgọ́ lé." Ó fẹ́ kí ẹni tó máa rà á rí i pé ìjọba pàápàá gbà pé ilé náà tówó. Ẹnì kan tó ń ṣèlérí àtipa owó orí ilé rẹ́ ló gbé tèmi sókè, kò sì fi kọ́bọ̀ kan ràn mí lọ́wọ́ láti san án.

Wọ́n pè mí sí ìpàdé ẹbí. Wọ́n ní àwọn máa ta ilé. Mo béèrè pé àwọn ọmọ mi ńkọ́. Akọ̀wé ní, "Ìyàwó wa, obìnrin ni gbogbo wọn. Ilé ọkọ ni wọ́n ń lọ. Ìwọ náà ṣì lè fẹ́ ọkọ, àbí kí o padà sí Òkè-Ògùn." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣe mí lóore. Ìyá ọkọ mi nìkan ló sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun tutù nínú ilẹ̀ ná. Wọ́n kọjá lọ sórí iye tí wọ́n máa tà á.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Ìyá yìí fún yín, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí pa lára jù. Àkọ́bí rẹ̀ ni Sìdíkátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Sìdí ti bá ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ sá lọ sí Kùmásì kí n tó wọ ilé wọn. N kò fojú kàn án rí. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Yorùbá ní ilẹ̀ Gánà, ẹni gbogbo kó ẹrù dé, Sìdí kò dé. Ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Iléyá, Ìyá máa ń yọ ègé ẹran kan sọ́tọ̀, á yan án, á fi kọ́ sókè ààrò. Bí ọmọdé bá nawọ́ sí i, á ní, "Fi í sílẹ̀. Ti Sìdí ni. Ó ń bọ̀."

Ọjọ́ tí wọ́n mú ẹni tó fẹ́ rà á wá, mo ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé. Alhaji kan ni, ó ń ta táyà ní Dùgbẹ̀. Ó fẹ́ wó ilé wa kí ó fi kọ́ ilé alájà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Akọ̀wé ń fi ọwọ́ hàn án, ó ń wí pé ibí yìí ni kànga lè wà, ibọ̀hún ni géètì lè wà. Àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wọ́n.

Pèpéle símẹ́ǹtì kan wà ní ẹ̀yìnkùlé náà. Làsísì ló ṣe é láti máa gbé dúróòmù omi lé. Ó gùn tó ènìyàn tó dùbúlẹ̀. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé a kó àwọn dúróòmù kúrò, ewédò sì hù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta wọ bàtà Alhaji. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pèpéle náà kí ó lè yọ ọ́.

Ẹ gbọ́, n kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi ìyẹn búra. Mo kàn gbọ́ tí ohùn mi ń pariwo pé: "Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òkú!"

Alhaji fò sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Inná lílláhi! Òkú wo?"

Akọ̀wé yíjú sí mi. "Òkú ta ni? Ta ló kú níbí?"

Mo wá orúkọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti inú ẹbí wọn wá, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò ní sàréè níbòmíràn. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Kùmásì ni," ni mo wí. "Ẹnì kan tó ti ọ̀hún bọ̀ ló mú irun àti èékánná wọn wá fún ọkọ mi. Ibí ló sin ín sí. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí Ìyá má baà gbọ́."

Ó bá àṣà mu, àbí kò bá a mu? Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wálé sin, a sì ti sin ín náà nìyẹn. Alhaji kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó wo Akọ̀wé tìkà-tẹ̀gbin. "Gàníyù, òkú ẹ̀gbọ́n rẹ lo fẹ́ tà fún mi?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì padà sí Dùgbẹ̀ rẹ̀.

Akọ̀wé dúró tì mí pẹ́. Mo rí i pé kò gbà mí gbọ́ tán. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe? Ọmọ bíbí inú ìyá wo ni yóò mú ọkọ́ láti wá hú irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí? Bí ó bá bá a ńkọ́? Mo wo ojú rẹ̀, n kò sì gbé ojú kúrò. Òun ló kọ́kọ́ wo ilẹ̀.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n má purọ́ fún yín mọ́. Mo wọ yàrá, mo di àwọn ọmọ mi mú, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Obìnrin tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, tí kò ní ọmọkùnrin, fi gbólóhùn kan lé olówó àti olóṣèlú jáde nílé. Ẹ sọ fún mi, ilé ẹjọ́ wo ni ì bá ṣe é fún mi?

Ohun tí n kò rò ni pé Akọ̀wé yóò lọ sọ ọ́ ní Òjé. Mo rò pé òun náà yóò pa á mọ́ nítorí Ìyá. Kò pa á mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá ti gbọ́.

Ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun nìkan. Kò pariwo. Ó ní kí n mú òun lọ síbẹ̀. Mo gbé àpótí fún un, ó jókòó ti pèpéle náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ewédò tó wà lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ìwọ rí irun náà?"

Mo ní, "Mo rí i, mà."

"Ṣé ó ti hu ewú?"

Ẹ̀yin ènìyàn, ibẹ̀ yẹn ni mo ti lè dá a dúró. Ẹnu mi ṣí. Mo rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo rí ògiri tí bàbá wọn rẹ́. Mo ní, "Díẹ̀, mà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti funfun."

Ó mi orí. "Ó dáa. Ó dàgbà nígbà náà. Kò kú ní kékeré." Ìgbà yẹn ni omi wá já bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣe. Kì í ṣe orí ọ̀rọ̀ ilé. Orí ilé, kò sẹ́ni tó lè bá mi jà kí ó borí mi. Ṣùgbọ́n ewú tí mo hù sí orí ẹni tí n kò rí rí, tí mo fi pa ìrètí ìyá kan, òun ló ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ náà. Ní Iléyá tó tẹ̀lé e, mo lọ sí Òjé, mo wo òkè ààrò. Kò sí ẹran kankan níbẹ̀. N kò lè jẹ èyí tí wọ́n bù fún mi.

Kí n má fi ibì kan pamọ́: mo ṣì ń jẹ èrè irọ́ náà. Nígbà tí ọkùnrin káńsù tún mú ìwé owó orí ilé wá, mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ní iye tí wọ́n lè ta ilé ni ẹ fi ń bu owó lé e. Ilé tí wọn ò lè tà láéláé, èló ni ẹ ó pè é?" Ó wo pèpéle, ó wo mí, ó họ orí. Ó ní òun kò rí irú èyí nínú òfin wọn. Ó gé e sílẹ̀ díẹ̀ kí n lè jẹ́ kí ó máa lọ. Ìròyìn tàn. Kó tó pẹ́, àwọn onílé mélòó kan ládùúgbò ti ń rántí òkú tí wọn kò rántí tẹ́lẹ̀. Bàbá kan tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn rárá, tí ìlú òkèèrè ni wọ́n bí i sí, wá ń fi sàréè bàbá bàbá rẹ̀ hàn wọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Káńsù bá ní àwọn kò gba òkú mọ́.

Akọ̀wé rí oyè rẹ̀. Oko kòkó bàbá wọn ló tà. Ó di káńsẹ́lọ̀, ó ra agbádá, wọ́n sì gbé owó orí ilé sókè lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó yanu. Nígbà tí mo béèrè, ó ní ìlú le, ìjọba nílò owó. Kò pẹ́ tí àwọn sójà dé tí wọ́n lé gbogbo wọn. Wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Ó jáde láìní ilé, láìní oko, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ. Ẹ ó rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ ibi tó ń gbé báyìí. Yàrá iwájú nínú ilé mi ni. Mo ń bu oúnjẹ fún un, kò sì san owó ilé. Bí ilé náà bá ti di ti Alhaji, abẹ́ afárá wo ni ì bá sùn?

Ìyá ń wá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ títí ara rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n má sin òun sí Òjé. Ó ní ẹ̀gbẹ́ Sìdí ni kí wọ́n gbé òun sí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, sàréè gidi wà nílé wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle dúróòmù. Irọ́ mi ti di òótọ́. Bí mo jẹ́wọ́, bí n kò jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa ta ilé náà mọ́. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ̀rù ilé ló ń bà mí.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, Sìdí dé.

Àbíjáànì ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti lọ láti Kùmásì. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti dàgbà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ìyá rẹ̀. Ó wọ agboolé ní Òjé pẹ̀lú báàgì kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá a mọ̀ ju igbá ẹ̀lúbọ́ tó gbé sílẹ̀, ó sì sá gba ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án tán tí wọ́n rí i pé ara rẹ̀ ń gbóná, wọ́n fi takisí gbé e wá sí Agbowó.

Obìnrin gíga ni. Orí rẹ̀ dúdú kirikiri, kò hu ewú kankan. Mo kọ́kọ́ rí ìyẹn.

A mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró láàárín sàréè àti pèpéle. Ó nawọ́ sí sàréè tí wọ́n fi táìlì bò lórí. "Ìyá mi nìyí?"

Akọ̀wé ní, "Àwọn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta wá nìyí?"

Akọ̀wé tẹ orí ba. "Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Sìdí rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. N kò lè sọ bí ó ṣe ké fún yín. Èmi ló dì mú. Kò mọ̀ pé èmi ni.

Mo ń dúró kí wọ́n yíjú sí mi. Wọn kò yíjú sí mi. Gbogbo ẹbí gbà pé ẹni tó ti Kùmásì dé ló fi irun ẹlòmíràn tan Làsísì jẹ. Akọ̀wé ló ń sọ ọ́ jù. Á jókòó sórí àga tí Làsísì rà, á máa wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé, wọ́n sì rí i jẹ. Ọ̀dẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ kàn mọ́ ni." Ẹni tó fẹ́ ta ilé ọmọ òrukàn ni ó ń pe ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀.

Ti Akọ̀wé kò tó nǹkan. Sìdí ni kò lè dárí jì í. Ó ní, "Làsísì tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Kò lè wọ mọ́tò wá wo òkú mi? Àlejò kan gbé irun fún un, ó sì lọ fi pa ìyá mi?" Ó ti búra pé òun kò ní dé ibi sàréè rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó fẹ́ràn mi. Ìyàwó mi ló ń pè mí, òun ló ń di irun àwọn ọmọ, òun ló kọ́ mi ní ọbẹ̀ ẹ̀pà àwọn ará Kùmásì. Ní àsùbáà, mo máa ń gbọ́ àdúà rẹ̀ láti yàrá kejì. Á dárúkọ bàbá rẹ̀, á dárúkọ ìyá rẹ̀, á dárúkọ gbogbo òkú ẹbí títí kan àwọn tó kú ní kékeré. Á bẹ Ọlọ́run fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Kì í dárúkọ Làsísì. Ó ń fò ó. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ibi tó ti fò ó.

Mo ti gbìyànjú láti sọ fún un. Mo ti gbé omi lọ bá a, mo ti kúnlẹ̀, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́. Mo ní, "Omi ìwẹ̀ ni mo bù wá fún yín." Èmi tí mo pariwo lé Alhaji, èmi tí mo bá káńsù jiyàn, ẹnu mi wúwo níwájú obìnrin yìí. Ẹyin lohùn. Èyí tí mo fọ́ nígbà náà, n kò mọ bí mo ṣe máa kó o.

Bí ẹ bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ó yá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá ẹni tó gbé òkú baálé kúrò nílé rẹ̀ nítorí ọjà lẹ́jọ́. Ẹ dá àwọn tó ń fi ilé opó ra oyè lẹ́jọ́. Ẹ dá àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa díye lé òógùn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ti parí tiwọn, mo wà ní Agbowó, ẹ wá bá mi. Àwọn ọmọ mi kàwé nínú ilé yẹn. Èyí àgbà ti ń ṣe tíṣà. N kò ní tọrọ àforíjì fún òrùlé tó bò wọ́n.

Àforíjì tí mo ń tọrọ, ti Ìyá ni, ó sì ti kọjá ibi tí ohùn mi lè dé. Ó wá ku ti Sìdí.

Ẹ̀yin olóòtú, mo mọ̀ pé ẹ máa ń yí orúkọ padà kí wọ́n má baà mọ ẹni tó kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má yí tèmi. Sìdí kò mọ̀wé. Ní gbogbo Sátidé, Kúdí ọmọ mi ló ń ka ojú ewé yìí sí i létí, nítorí ó fẹ́ràn láti máa dá àwọn ènìyàn lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, á ní kí wọ́n na ti ìhín, kí wọ́n dárí ji ti ọ̀hún. Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò kà lọ́sẹ̀ tí ẹ bá tẹ èyí. Èmi mọ̀. Màá jókòó tì wọ́n, bó bá sì dé ibi ewú, n kò ní dìde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Kò sí ẹni tó ti Kùmásì wá. Kò sí irun. Làsísì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀ nígbà tí mo pa irọ́ náà, títí ó fi kú ni ó ń wí pé ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀. Ní àsùbáà ọ̀la, bí àyè ẹnì kan bá ku nínú àdúà yín, ẹ yọ tèmi kúrò. Ẹ fi tirẹ̀ sí i.